Ọ̀kẹ́ Kan: Kí Ló Wà Nínú 20,000?

Ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ẹbí kan ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa. N kì í ṣe ọmọ ẹbí náà, n kì í sì í ṣe lọ́yà. Wọ́n ní ìṣirò ni kí n wá bá àwọn ṣe. Mo rò pé owó ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pín, mo wá mú bírò àti ìwé mi dání. Ìgbà tí mo débẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú mi, tí ó ti pọ́n bí ewé kòkó gbígbẹ, tí wọ́n sì fi ọ̀rá wé. Katikíìsì kan ló kọ ọ́ ní 1911, lédè Yorùbá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá àgbà wọn fi igbó ọ̀pẹ kan dógò lọ́wọ́ ẹbí kejì, iye tó sì gbà ni "ọ̀kẹ́ mẹ́rin dín ẹgbàá".

Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, igbó ọ̀pẹ kì í ṣe nǹkan eré. Epo ló rán púpọ̀ nínú wa lọ sílé ìwé. Ẹ sì mọ̀ pé dógò kì í ṣe títà. Ẹni tó yá ni lówó á máa kọ ẹyìn, ìyẹn ni èlé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí onílẹ̀ bá kó owó náà dé, ilẹ̀ ń padà sọ́wọ́ onílẹ̀, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ṣe tán báyìí. Eélòó ni kí wọ́n san? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láti ẹbí kejì, ọmọ tó kàwé dáadáa, ó ní òun ti ṣe ìṣirò náà lórí fóònù òun. Ó ní ọ̀kẹ́ kan ni mílíọ̀nù kan. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, ẹ yọ ẹgbàá kúrò, ó ku náírà 3,998,000. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀kẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àpò ni ọ̀kẹ́." Ni gbogbo ilé bá dàrú. Àwọn kan ní àpò kí ni? Àpò gààrí ni àbí àpò sìmẹ́ǹtì? Wọ́n wá yíjú sí mi: "Prof, ẹ bá wa dá sí i."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ mọ̀ mí. Bí ẹnì kan bá bi mí ní ìbéèrè tó ní nọ́ńbà nínú, n kì í lè dáhùn lẹ́sẹ̀ kan. Ìdáhùn kúkúrú ni mo fún wọn lọ́jọ́ náà. Èyí tó gùn ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ìyá àgbà ló tọ̀nà. Ọ̀kẹ́ ni àpò, àpò owó ẹyọ. Iye ẹyọ tó ń wà nínú àpò kan ni 20,000, bí orúkọ àpò ṣe di orúkọ nọ́ńbà nìyẹn. Bí a bá fẹ́ pè é ní orúkọ ìṣirò gan-an, ẹgbàawàá ni, ìyẹn ẹgbàá lọ́nà mẹ́wàá. Nọ́ńbà kan náà ló ní orúkọ méjì: ọ̀kan jáde láti inú ìṣirò, èkejì jáde láti ọjà. Èyí tó jáde láti ọjà ló borí.

Níbo wá ni mílíọ̀nù ti wọlé? Láti inú "àádọ́ta ọ̀kẹ́" ni. Àádọ́ta lọ́nà 20,000 jẹ́ 1,000,000, kò lé, kò dín. Àwọn tó ń túmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá rí i pé ó bọ́ sí i gẹ́ẹ́, wọ́n sì ń lò ó. Nígbà tó yá, ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn gé àádọ́ta sọ nù, ó wá ku ọ̀kẹ́. Ọmọkùnrin yẹn kò purọ́, ohun tó gbọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n àádọ́ta tó já bọ́ yẹn ti sọ owó náà di ìlọ́po àádọ́ta. Ẹ tún gbìyànjú bílíọ̀nù kan wò: 50,000 ọ̀kẹ́ ni, ìyẹn ọ̀nà ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba lọ́nà yìí yóò nílò omi mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn baba wa ṣe dé 20,000. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí òǹkà wa sọ pé ogún-ogún ni a fi ń kà. Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Ẹni tó bá ń fi ogún nìkan kà, àwọn àkàsọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 20, lẹ́yìn náà 400, lẹ́yìn náà 8,000, lẹ́yìn náà 160,000, ìyẹn ogún lọ́nà ogún láìdúró. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àkàsọ̀ tiwa ni ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: 20, 200, 2,000, 20,000. Ìpìlẹ̀ ni a fi ogún ṣe, ṣùgbọ́n mẹ́wàá-mẹ́wàá ni a fi ń gun òkè. A ní orúkọ fún 400, irínwó, òun náà kò sì bí ọmọ bí igba ṣe bí i. Igba ló bí ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún àti ẹgbẹ̀fà. Ẹgbàá ló bí ẹgbàajì, ẹgbàata, ẹgbàarin àti ẹgbàárùn-ún. 8,000 tí ì bá jẹ́ ọba láàrin àwọn tó ń fi ogún kà, ẹgbàarin lásán ni lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹgbàá bí àwọn yòókù.

Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé owó ẹyọ ló fà á, tàbí ó kéré tán, òun ló jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Adolphus Mann, ará Jámánì tó jẹ́ míṣọ́nnárì CMS nílẹ̀ Yorùbá, kọ àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní 1887 lórí òǹkà wa. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka owó. Wọ́n á da àpò ẹyọ sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó tì í, á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Bó bá ti fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Á tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, á kó méjèèjì pọ̀, ó di igba. Igba mẹ́wàá di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọ̀kẹ́ kan gba kí ọwọ́ fa nǹkan nígbà 4,000. Bí ọwọ́ ẹni náà bá yá, tó ń fa ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì, wákàtí méjì lé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni yóò fi kúnlẹ̀. Mo dán an wò nílé pẹ̀lú ẹ̀wà dípò ẹyọ. Ẹgbàá kan ni mo kà tí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lu ẹyọ ní ihò, tí wọ́n sì ń sín in sókùn. Ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ọ̀kẹ́. Okùn 500 ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan nígbà náà, ó sì yá jù láti ka 500 ju láti fa ẹyọ nígbà 4,000 lọ. Ẹrù tó wúwo ni o. Bí ẹyọ kékeré kan bá wọn gíráàmù kan péré, kílò ogún ni ọ̀kẹ́ kan, àwọn ẹyọ ńlá tí wọ́n ń kó wá láti Zanzibar sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ra nǹkan ńlá gbọ́dọ̀ wá aláàárù.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn nọ́ńbà yìí jù la dé wàyí. Ẹ tú 20,000 palẹ̀ títí dé àwọn èyí tí kò ṣeé tú mọ́, àwọn tí a ń pè ní prime. Ẹ ó bá 2 lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ ó sì bá 5 lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. 2 lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún jẹ́ 32. 5 lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ 625. 32 lọ́nà 625 jẹ́ 20,000. Láti inú èyí, a lè mọ iye nọ́ńbà tó lè pín in déédéé láì ka ìkankan. Ẹ lè má mú 2 rárá, tàbí kí ẹ mú ọ̀kan títí dé márùn-ún: ọ̀nà mẹ́fà. Ẹ lè má mú 5 rárá, tàbí kí ẹ mú ọ̀kan títí dé mẹ́rin: ọ̀nà márùn-ún. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún, ọgbọ̀n. Nọ́ńbà ọgbọ̀n ló lè pín ọ̀kẹ́ kan láìṣẹ́kù.

Nígbà tí mo kọ ọgbọ̀n náà sílẹ̀, ohun tí mo rí pa mí lẹ́rìn-ín. 5 wà níbẹ̀, iye tí ọwọ́ ń fà. 20 wà níbẹ̀. 40 wà níbẹ̀, okùn kan. 50 wà níbẹ̀, iye okùn tó wà nínú ẹgbàá. 100, 200, 2,000, gbogbo wọn pé. Gbogbo ìwọ̀n tí àwọn ìyá wa ń lò lọ́jà ni wọ́n mú nínú ọgbọ̀n yẹn, kò sì sí ọ̀kan tó ṣẹ́ àjẹkù sílẹ̀. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò kọ́ ohun tí à ń pè ní factor ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to nọ́ńbà sí ìsọ̀rí. Nicomachus ará Gerasa kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn Kristi. Ẹ ro gbogbo nọ́ńbà tó lè pín nọ́ńbà kan pọ̀, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Bí àròpọ̀ náà bá bá a dọ́gba, nọ́ńbà pípé ni: 6 ni àkọ́kọ́, torí pé 1, 2 àti 3 jẹ́ 6. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 28, 496 àti 8,128. Láàrin 1 sí 20,000, mẹ́rin péré nìyẹn, èyí tó tẹ̀ lé wọn sì ti wọ mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí àròpọ̀ náà kò bá tó o, aláìtó ni. Bó bá jù ú lọ, alápọ̀jù ni. Ti ọ̀kẹ́ wa ńkọ́? Àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 29,203. Alápọ̀jù ni, ó sì fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ju ara rẹ̀ lọ. Nǹkan tó wà nínú àpò náà ju àpò lọ.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà. Nínú 1 sí 10, mẹ́rin kò lè pín in: 3, 6, 7 àti 9. Fún 7, ẹyọ kan péré ló ń ṣẹ́kù, torí pé 19,999 jẹ́ 7 lọ́nà 2,857. Ẹni tó ní ọmọ méje tó sì fi ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀ ti dá ìjà ẹyọ kan sílẹ̀ fún wọn. Fún 3, méjì ló ń ṣẹ́kù. Ẹ rántí ohun tí mo máa ń kọ́ yín ní ọdún kìíní: nọ́ńbà yòówù, ẹ ro àwọn àmì inú rẹ̀ pọ̀, àṣẹ́kù tí àròpọ̀ náà bá ní lórí 3 tàbí 9 ni àṣẹ́kù tí nọ́ńbà náà ní. 2, 0, 0, 0, 0: méjì. Ogún pẹ̀lú, méjì. Igba, méjì. Ẹgbàá, méjì. Gbogbo àkàsọ̀ òǹkà wa, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bó bá dé ọwọ́ ọmọ mẹ́ta, méjì á ṣẹ́kù. Ẹ fi í sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò jọ ọ́. 20,001 jẹ́ 3 lọ́nà 59 lọ́nà 113, kò wúlò fún pínpín lọ́jà. 19,997 àti 20,011 ni prime tó sún mọ́ ọn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò sí ẹni tó lè pín wọn àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀tàdínlógún ni wọ́n fi ń sún mọ́ ara wọn ká ní mẹ́ta ò dín nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé mẹ́rìnlá ló wà láàrin wọn, ọ̀kẹ́ sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé kò rí wọn.

Àwọn àgbẹ̀ á fẹ́ràn èyí tó kàn. Ká ní ẹ ní ọ̀kẹ́ kan ebè láti kọ, ẹ sì fẹ́ kọ ọ́ sí oko méjì tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn dọ́gba. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe: ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún níbí, ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ́hùn-ún, 10,000 àti 10,000. Èyí rọrùn. Àmọ́ ọ̀nà méjì mìíràn wà. 140 lọ́nà 140 jẹ́ 19,600. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Ẹ rò wọ́n pọ̀. 124 lọ́nà 124 jẹ́ 15,376. 68 lọ́nà 68 jẹ́ 4,624. Ẹ rò wọ́n pọ̀ náà. Ọ̀nà mẹ́ta, kò sí ìkẹrin. Fermat, ará Faransé, ló kíyè sí òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Euler ló wá fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn prime kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi 4 pín wọn, 3 ló ń ṣẹ́kù: 3, 7, 11, 19 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà nínú nọ́ńbà kan ní iye ìgbà tí kò ṣeé pín sí méjì, nọ́ńbà náà kò lè di oko méjì bẹ́ẹ̀ láéláé. Kò sí ìkankan wọn nínú ọ̀kẹ́. 2 àti 5 nìkan ló wà níbẹ̀, 2 sì jẹ́ 1 àti 1, 5 jẹ́ 1 àti 4.

Ó yá, ká padà sí ìpàdé.

Ọ̀kẹ́ mẹ́rin jẹ́ 80,000. Ẹ yọ ẹgbàá, ó ku 78,000. Ẹyọ ni o, kì í ṣe náírà. Ní ìgbà tí owó ẹyọ ń kú lọ, tí ṣílè ń gbilẹ̀, wọ́n ń ka ẹgbàá kan sí sísì, ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sí pọ́n kan. 78,000 jẹ́ ẹgbàá mọ́kàndínlógójì, ìyẹn sísì mọ́kàndínlógójì: ṣílè mọ́kàndínlógún àti sísì kan. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà méjì ni wọ́n fi pààrọ̀ pọ́n kan. Ẹ ṣe é dé òpin: náírà kan àti kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

Nígbà tí mo sọ iye yìí, ilé pa rọ́rọ́. Láti náírà mílíọ̀nù mẹ́rin ó dín díẹ̀ sí náírà méjì ó dín kọ́bọ̀ márùn-ún! Àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí wọ́n má tíì rẹ́rìn-ín. Ìṣirò lè sọ iye tí ọ̀kẹ́ mẹ́rin dín ẹgbàá jẹ́. Kò lè sọ pé náírà méjì tó láti gba igbó ọ̀pẹ padà lónìí. Ní 1911, owó yẹn lè ra nǹkan gidi. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ àgbà àti àdéhùn ni, kì í ṣe ti bírò mi. Èmi kò fara mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, torí irọ́ ìtumọ̀ ló bí i. N kò sì fara mọ́ náírà méjì, torí pé ẹni tó bá gbé e wá kò fẹ́ kí ẹnu kò.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu, mo sì bi wọ́n. Kí ló dé tó fi jẹ́ "dín ẹgbàá"? Ẹni tó fẹ́ yá owó ńlá, kí ló dé tí kò gba ọ̀kẹ́ mẹ́rin tó pé? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo wá béèrè pé ìdí igi mélòó ni bàbá àgbà náà ní, ìyẹn ìyàwó mélòó ló bímọ fún un. Wọ́n ní mẹ́ta. Ara mi yá gágá.

Ẹ wò ó. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin jẹ́ ogójì ẹgbàá. Ogójì kò ṣeé pín sí mẹ́ta, ọ̀kan á ṣẹ́kù, ẹ ó sì tún un pín títí ẹyọ méjì á fi kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlógójì jẹ́ mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́ta. Ẹ yọ ẹgbàá kan kúrò nínú ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ìdí igi kọ̀ọ̀kan yóò gba ẹgbàá mẹ́tàlá, 26,000 ẹyọ, láìtú okùn kankan. Bákan náà, bí ọjọ́ ìràpadà bá dé, ìdí igi kọ̀ọ̀kan yóò mọ iye tí yóò dá. Nọ́ńbà ọgbọ̀n ló ń pín ọ̀kẹ́ kan. Ọgọ́rin ló ń pín 78,000, torí pé 3 àti 13 ti wọ inú rẹ̀. Ohun kan ló pàdánù: 3 kan ṣoṣo tó wọlé yẹn kò jẹ́ kó ṣeé kọ sí oko méjì onígun dọ́gba mọ́. N kò rò pé bàbá náà bìkítà fún ìyẹn.

Àbá ni mo ń dá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìwé náà kò sọ ìdí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ ògiri mi orí, ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, pé wọn kì í mú owó tó máa dá ìjà sílẹ̀ wọ agboolé olórogún.

Ìpàdé náà kò parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹbí kejì ní àwọn fẹ́ lọ bá àwọn àgbà tiwọn tó wà ní Ìlútitun sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn." Mo ní kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun kọ ìṣirò náà sínú ìwé kí òun lè fi han àwọn bàbá òun. Mo kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo: ọ̀kẹ́, ẹgbàá, sísì, gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ wọ mọ́tò ni ìyá àgbà ránṣẹ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé kí n má gbàgbé láti kọ "ẹyọ" síwájú nọ́ńbà náà, kí ẹnikẹ́ni má tún wá kọ náírà síbẹ̀.